Ǹjẹ́ ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Early Decision, ìyẹn ètò ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú àkókò sí yunifásítì kan ṣoṣo, ní Amẹ́ríkà?
Ó yẹ, bí yunifásítì kan bá wù ú ju gbogbo ìyókù lọ, tí apá àwọn òbí rẹ̀ sì ká owó ibẹ̀. Ọjọ́ 1 tàbí 15 oṣù Kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ sábà máa ń parí, èsì a sì jáde ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ni yóò fọwọ́ sí àdéhùn pé bí wọ́n bá gbà á, ibẹ̀ ni yóò lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìnira wà, nítorí kò ní lè fi ìrànwọ́ owó ibẹ̀ wé ti ibòmíràn. Bí ìrànwọ́ náà kò bá tó, ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Early Action, tí òun náà jẹ́ ètò ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú àkókò, kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.