Irin Ń Wúwo Sí I, Eré Ò Yára Sí I

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Eré 100 mítà ni mò ń sá. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 4, ìgbà 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tó lọ sáré. Irin tí mo fi ń ṣe squat (kéèyàn gbé irin lé èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde) ti kúrò ní 80 kílò, ó ti di 110. Síbẹ̀ eré mi ò yára sí i, ẹ̀yìn itan sì máa ń fà mí. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

ÈSÌ: Agbára yín ti pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ráyè jáde. Bí eré bá ti dé góńgó, ẹsẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí 0.1 ìṣẹ́jú àáyá lọ nílẹ̀. Kí iṣan tó yọ gbogbo agbára rẹ̀, àsìkò náà á ti kọjá. Àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ ti ń pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí 0.2 ní ìgbésẹ̀ kìíní. Ibẹ̀ ni squat tó wúwo ti ń ranni lọ́wọ́ jù.

Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ yín gan-an ló ń dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò lè kọ́ ìyára. Ẹ kọ́kọ́ sáré, kí irin tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wákàtí 48 ó kéré tán sì wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. 30 mítà lọ́nà 4 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 1 sinmi fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí ẹ sá. Ó lè dà bíi pé ẹ kàn dúró lásán, àmọ́ ẹni tó bá gé ìsinmi yẹn kúrú, ìfaradà ló ń kọ́.

Ẹ dín squat kù sí sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 3 sí 5. Kí irin wúwo, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè gbé e ní ìgbà 2 sí i tí ẹ bá fẹ́. Ìgbà 12 ń mú ẹran ara pọ̀, gbogbo kílò tó bá sì wọlé, ẹ̀yin lẹ máa gbé e sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ fò sókè, sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 4. Bí gíga fífò bá ti ń wálẹ̀, ó tó.

Ní ti ẹ̀yìn itan, squat kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ju síwájú, tí iṣan náà nà gbọọrọ, tó sì ń fa ẹsẹ̀ padà, ló sábà máa ń já. Ẹ kúnlẹ̀ sórí nǹkan tó rọ̀, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú. Ẹ máa rọra tẹ̀ síwájú láti orúnkún láì ká ìbàdí, títí ẹ kò fi ní lè dá ara dúró mọ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ gba ilẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ti ara yín padà. Sẹ́ẹ̀tì 2, ìgbà 3, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láàárín oṣù kan ó lè di sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 5. Ó máa ń mú kí iṣan ro ni, nítorí náà ẹ má ṣe é tí eré kíkankíkan bá wà lọ́la. Bí ibẹ̀ bá dùn yín nígbà tí ẹ ń rìn, tàbí tó gún yín lójijì, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú èyí. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí físíò (ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé tó fara pa) yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ẹ máa wọn àkókò 30 mítà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí irin bá ń wúwo sí i fún oṣù kan tí àkókò kò kúrò lójú kan, sẹ́ẹ̀tì squat kan ni kí ẹ yọ, ẹ má fi kílò kún un.