Kí nìdí tí wọ́n fi ní ká má tẹ àwújẹ̀ ọmọ?

Ìyá ìkókó kan ní Kubwa, l'Ábújá, béèrè pé ìyá ọkọ òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ àwújẹ̀ ọmọ, àfi kí wọ́n rọra fi òrí pa á, torí pé ọpọlọ ọmọ "kò tíì jókòó." Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ kú ewu ọmọ. Màmá kò purọ́. Àwújẹ̀ ni ibi tí eegun agbárí kò tíì pàdé. Ti iwájú sábà máa ń dí láàárín ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ọpọlọ ń tóbi kíákíá lásìkò yẹn, ó sì ń fẹ́ àyè. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù àtiwẹ̀ ẹ́, awọ tó bò ó yi.

Jíjókòó gan-an, inú oyún ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í dúró síbi tó ti yọ. Ó ń rìn lọ sí ipò rẹ̀ ni, àwọn tó yọ kẹ́yìn á sì gba àárín àwọn tó ṣíwájú kọjá sókè. Lára ohun tó ń darí ìrìn yìí ni àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní kinase. Wọ́n á mú fọ́síféètì lára ATP, ìyẹn èròjà tó ń gbé agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì mìíràn, ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kó dáwọ́ dúró. Purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní phosphatase á tún wá já fọ́síféètì náà kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn kinase náà, Cdk5, wà káàkiri ara, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí purotéènì alábàáṣe bíi p35, èyí tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló pọ̀ sí. Ní 1996, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìròyìn eku tí kò ní Cdk5 jáde: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó kọjá sókè há sí ìsàlẹ̀, àwọn eku náà sì kú nígbà ìbí.

Ìdí nìyẹn tó fi ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí à ń ṣọ́ àwújẹ̀ tọ̀sán tòru la tún ń bu páráàgà fún aboyún. Ọtí a máa da ìrìn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn rú.

Ẹ máa wo àwújẹ̀ náà dáadáa o. Tó bá jìn wọnú, pàápàá tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ti ń tán. Ní Òkè Ọya níbí, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni yírunyírun, àrùn awọ tó bo ọpọlọ (meningitis) tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà. Bí àwújẹ̀ bá wú sókè nígbà tí ọmọ kò sunkún, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ fi òrí sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.