Àìsùn òkú fún ẹni tó wà láàyè: kí ni àwọn ará Ireland ń wí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dublin ni mo ń gbé, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa, ará Mayo ní ìwọ̀ oòrùn Ireland ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ìdílé wọn fún mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn tó jẹ́ obìnrin ń lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, "American wake" ni wọ́n ṣe fún un mọ́jú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àìsùn òkú ni. Ẹni tó wà láàyè, tí ara rẹ̀ le koko! Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí lọ́kàn rú. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi ọmọ wọn gégùn-ún báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọn kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó yé mi pé ẹ̀rù á bà ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá fẹ́ rìnrìn àjò, àdúrà la máa ń gbà fún un, pé kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Ta ni yóò dárúkọ òkú níbẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa náà ló sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò ná, òun la máa fi tú ọ̀rọ̀ màmá yìí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ orúkọ àṣà náà wò. Ní èdè àwọn ará Ireland gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní Gaeilge, faire ni wọ́n ń pe àìsùn òkú, tàbí tórramh. Faire, ìṣọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọn kì í fi òkú nìkan sílẹ̀ nílé lóru. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ilé, ará àdúgbò á wọlé wá, wọ́n á fún wọn ní páìpù amọ̀ àti tábà, wọ́n á fún wọn ní tíì àti ọtí. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pìtàn, àwọn ọ̀dọ́ á tiẹ̀ máa ṣeré, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láàárín rẹ̀ ni àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórin. Wọ́n á ki òkú náà, wọ́n á dárúkọ àwọn baba rẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n sílẹ̀. Caoineadh ni wọ́n ń pe ẹkún yìí.

Ètò yìí kan náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Fojú inú wo ilé kékeré kan ní Mayo tàbí Donegal lóru, nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ náà lọ. Iná ń jó nínú ààrò. Ilẹ̀ irà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì sá gbẹ ni wọ́n fi dá a. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí pé amọ̀ ni ilẹ̀ ilé náà, ẹsẹ̀ oníjó kì í dún lórí amọ̀. Ẹnì kan ń ta gòjé òyìnbó. Bàbá á bá ọmọ rẹ̀ jó. Ìyá kò ní jókòó. Á máa bu tíì, á máa pín búrẹ́dì, ojú rẹ̀ á sì máa lọ síbi àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó bá di ìdájí, gòjé á dákẹ́. Obìnrin àgbà kan á di ọmọ náà mú léjìká, á bẹ̀rẹ̀ caoineadh bó ṣe máa ń ṣe é fún òkú. Ọmọ yẹn á dúró síbẹ̀, á máa fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí kò lè gbọ́ mọ́.

Ohun tó sún mọ́ èyí jù lọ́dọ̀ wa, ẹkún ìyàwó ni. Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ nílẹ̀ Ọ̀yọ́ á sunkún lórin níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé àmì ibi ni. Àmọ́ ìyàwó tiwa ló ń sun ẹkún náà fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ọdún bá dé, òun á wá kí ilé. Ẹni tó ń lọ sí Boston kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sìn ín sọ́nà. Ní Donegal, lẹ́bàá òkè Muckish, afárá òkúta kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Droichead na nDeor, ìyẹn Afárá Omijé. Ibẹ̀ ni ẹbí máa ń bá arìnrìn àjò dé. Òun á kọjá, á forí lé Derry níbi tí ọkọ̀ òkun wà. Àwọn á yí padà sílé. Wọ́n ti kọ ọ́ sára òkúta kan níbẹ̀ ní Gaeilge pé dé ibí yìí ni ọ̀rẹ́ àti ìbátan ẹni tó ń lọ sílẹ̀ àjèjì máa ń wá, pé ibí ni wọ́n ti ń pínyà. Afárá tí ènìyàn lè fi ìṣísẹ̀ mélòó kan kọjá ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó kọjá rẹ̀ kò padà kọjá rẹ̀ mọ́ láyé.

Àṣà náà ti wà kí ìyàn ńlá tó dé, àmọ́ ìyàn ló mú un gbilẹ̀. Lọ́dún 1845, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí pòtétò jẹrà nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ pòtétò yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ tálákà ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́dún 1841, àwọn ènìyàn Ireland lé ní mílíọ̀nù 8. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n lọ́dún 1851, bíi mílíọ̀nù 6.5 ló kù. Àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan, àwọn tó wọkọ̀ lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Ọ̀pọ̀ wọn, Kánádà ni owó ọwọ́ wọn gbé wọn dé, torí pé owó ọkọ̀ ibẹ̀ kéré sí ti New York. Ọkọ̀ onígbòkun ni, bí ọ̀sẹ̀ 6 lórí òkun, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò há mọ́ra nísàlẹ̀ ọkọ̀, iná ara, kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ń gbé ibà burúkú kan láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Nínú odò St. Lawrence, kí ọkọ̀ tó dé ìlú Québec, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Grosse Île, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ èrò wò. Lọ́dún 1847 nìkan, àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 5,000. Àgbélébùú òkúta gíga kan tí wọ́n gbé nàró lọ́dún 1909 ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kú, ìdílé àwọn tó ń sọ Faransé ní Québec gba púpọ̀ wọn tọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn máa jẹ́ orúkọ ìdílé tí wọ́n bí wọn sí. Ìdí nìyí tí o fi lè pàdé ará Québec tí Faransé jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, tó sì ń jẹ́ Ryan tàbí O'Neill.

Ta ló ṣe àìsùn fún àwọn tí wọ́n sin ní Grosse Île? Wọn kò ní ará ilé níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é fún ẹnì kan nínú wọn kó tó kúrò nílé, òun nìkan ni àìsùn tó ní.

Ọkọ̀ tó ń fi agbára ooru omi rìn wá dé lẹ́yìn náà, ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ 6 kò tó ọ̀sẹ̀ 2 mọ́. Síbẹ̀ àìsùn náà kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣì ń ṣe é nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá màmá yìí ń lọ. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìbẹ̀rù òkun nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ìyá náà mọ̀ pé bí òun bá kú, lẹ́tà ni yóò sọ fún ọmọ òun ní Boston, nígbà tí koríko bá ti ń hù lórí sàréè. Ọmọ náà mọ̀ pé èjìká òun kò ní sí lábẹ́ pósí bàbá òun. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kò ní lè sin wọ́n. Lójú tèmi, tọ̀túntòsì ni àìsùn yẹn: òbí ń ṣọ́ ọmọ, ọmọ náà sì ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún òbí nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, torí pé òru yẹn nìkan ni wọ́n jọ ní.

Nǹkan kan wà tó máa ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí, Mayo ló sì ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ erékùṣù Achill máa ń lọ sí Scotland lọ wa pòtétò, wọ́n á sì padà wálé tí iṣẹ́ bá parí. Èyí kì í ṣe ìdágbére ayérayé, bí ẹni lọ sóko etílé ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1894, ọkọ̀ onígbòkun tó ń gbé wọn lọ bá ọkọ̀ ńlá fún Glasgow dojú dé ní Clew Bay, nígbà tí wọ́n rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo ọkọ̀ ńlá náà. Ènìyàn 32 ló kú sómi. Lọ́dún 1937, ọmọkùnrin 10 láti Achill jóná ní Kirkintilloch ní Scotland, nínú ahéré tí wọ́n fi wọ́n sùn sí, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún 13 ni. Rélùwéè ló gbé òkú ti 1894 lọ sílé kí wọ́n tó ṣí ojú irin Achill gan-an. Òun náà ló gbé òkú ti 1937, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ojú irin náà pa. Itẹ́ òkú kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí, ní Kildavnet. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sunkún fún nígbà tí wọ́n ń lọ ni wọ́n gbé òkú wọn wálé ṣe àìsùn fún. Àwọn tí wọ́n ṣe àìsùn fún lóòyẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn pẹ́ láyé ní Boston, Chicago àti Montréal.

Wọn kò sì gbàgbé ilé. Lẹ́tà láti Amẹ́ríkà máa ń dé, pàápàá nígbà Kérésì, owó á wà nínú rẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó ilẹ̀. Nígbà mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, kí àbúrò lè máa bọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe àìsùn fún lọ́dún méjì sẹ́yìn ló wá ń fa ẹni tó kàn lọ́wọ́.

Nígbà tí o bá tún jókòó ti màmá, béèrè ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Béèrè orúkọ abúlé náà gan-an. Iná tó jó ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Dublin lọ́dún 1922 run púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ìkànìyàn ti 1901 àti ti 1911 ṣì wà ní pípé. Ilé Àkójọ Ìwé ti orílẹ̀-èdè Ireland ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan fọ́ọ̀mù tí àwọn baálé ilé fọwọ́ ara wọn kọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìyá màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé.

Fara balẹ̀ wo ti 1911 yẹn. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó wà nílé ọkọ pé ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó nínú wọn ló ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ka àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Mayo, iye àwọn tó wà láàyè ju àwọn tó wà nílé lọ dáadáa. Àwọn tó kù yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá òkun, ìyá wọn ti ṣe àìsùn fún wọn mọ́jú, ó ti gbọ́ caoineadh lórí wọn. Nígbà tí ìjọba wá bi í, ó ní ààyè ni wọ́n.