Èsì: Ọjọ́ kẹrin rèé tí àbúrò mi wà ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá n'Íbàdàn nítorí gbèsè

Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti kọjá àyè wọn. Abala 35 ìwé òfin 1999 fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan péré láti gbé e dé kóòtù, bí kóòtù tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ta ló máa sọ pé kò sí kóòtù nítòsí n'Íbàdàn? Gbèsè lásán gan-an, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn lé e lórí.

Gbèdéke ọjọ́ yìí ò kan ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ẹ sì wádìí bóyá wọ́n ti gba àṣẹ àtìmọ́lé lọ́wọ́ màjísíréètì. Tí wọ́n bá ti gbà á, àṣẹ yẹn ni lọ́yà máa kọ́kọ́ dojú kọ.

Tí kò bá sí:

1. Kí lọ́yà pẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, lábẹ́ abala 46. Ẹ ò nílò láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó pẹjọ́.
2. Ẹ̀yin lè búra sí àfídáfíìtì (ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń búra sí) dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà ní àtìmọ́lé, kò lè wá búra fúnra rẹ̀. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé.
3. Ẹ béèrè owó gbà-má-bínú àti àforíjì ní gbangba. Abala 35 kan náà ló fún un ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ẹ má sọ kóòtù náà di ibi tí ẹ ti ń jà lórí ẹni tó jẹ gbèsè. Bí gbèsè bá di kókó ẹjọ́, adájọ́ á fagi lé e.