Línkì láìbúrárì tó ń kú lójú ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní ẹ̀yin ni aṣojú kíláàsì, pé línkì àpilẹ̀kọ tí ẹ bá mú láti láìbúrárì ilé-ẹ̀kọ́ yín máa ń ṣí fún yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, kì í ṣí fún ẹnì kankan. Ẹ ní wọ́n ti ń rò pé ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀rín pa mí, torí wọ́n ti fi ẹ̀sùn yẹn gan-an kàn mí rí.

Nígbà tí mò ń ṣe másítà, Sátidé nìkan la máa ń pàdé, àwa méjìlá. Olùkọ́ wa ní ká ka àpilẹ̀kọ kan wá. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo tó rí i. Mo kọ́pì àdírẹ́sì tó wà lókè buráúsà, ó gùn tó ìlà mẹ́rin, mo jù ú sórí WhatsApp, mo bá oorun lọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ń gbé Ìkẹ́nnẹ́. Fóònù rẹ̀ kò gbé e, ló bá gun ọ̀kadà lọ sí Ṣàgámù, ó sanwó ní kafé, ohun tó bá níbẹ̀ ni "session expired". Ìpè tó pè mí lọ́jọ́ náà, etí mi ṣì ń hó di òní: "Ṣé o fẹ́ kí ìwọ nìkan mọ̀wé ni?" Nígbà tó di Sátidé, èmi nìkan ni mo ti kà á. Ta ni yóò wá gbà mí gbọ́?

Màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láìbúrárì ló là mí lójú. Àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn lè má jẹ́ ti àpilẹ̀kọ rárá. Ti ìjókòó yín (session) ni. Bí ẹ bá ti fi páásíwọọ̀dù wọlé, wọ́n á ṣí àyè kan fún ẹ̀yin nìkan, nọ́ńbà àyè yẹn á sì wọ inú àdírẹ́sì. Bí ẹ bá jáde, tàbí tí ẹ fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó ti tán nìyẹn. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ júwe ilé yín fún àlejò lọ́jọ́ Ojúde Ọba pé "ibi tí ẹṣin funfun dúró sí". Kí àlejò tó dé, ẹṣin ti gbéra.

Ẹ fi òkè sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àpilẹ̀kọ náà. Ní EBSCOhost, ọ̀kan lára àwọn ibi tí láìbúrárì ti ń rí àpilẹ̀kọ, ẹ wá Permalink, ìyẹn línkì tí kì í kú. Ti JSTOR, ibi mìíràn bẹ́ẹ̀, rọrùn, ẹ ó rí /stable/ nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. 10 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àmì ìdánudúró á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà, ìlà dídàgẹ̀rẹ̀, kó tó wá kan ohun tí ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ fi https://doi.org/ ṣíwájú rẹ̀, ó ti di línkì. Bí ilé ìtẹ̀wé bá yí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì wọn padà, tàbí tí wọ́n ta jọ́nà náà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àpilẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, fún ẹlòmíràn, àwọn ló máa lọ ṣàtúnṣe ibi tí nọ́ńbà náà ń darí èèyàn sí. Nọ́ńbà ò ní yí padà. Láti ọdún 2000 ni àjọ Crossref ti ń bá àwọn ilé ìtẹ̀wé forúkọ DOI sílẹ̀, kódà ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ àtijọ́ ti gba tiwọn.

Mo rò pé mo ti bọ́ nìyẹn. Irọ́ ni! Lórí Wi-Fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣí wẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn mi délé, ó ní kí wọ́n san dọ́là. Ìdí ni pé àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀; dátà orí fóònù yín kò ní i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ láìbúrárì yín bóyá wọ́n ní proxy, ìyẹn ọ̀nà tí ẹni tó wà níta á fi wọlé bíi pé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló wà. Ọ̀pọ̀ ń lo EZproxy: wọ́n á fún yín ní àdírẹ́sì kan tí ìparí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ login?url=, ẹ ó wá lẹ línkì gidi mọ́ ọn nídìí, láìfi àlàfo sílẹ̀. Kálukú á fi páásíwọọ̀dù tirẹ̀ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa o, torí Permalink mìíràn ti ní proxy nínú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún fi òmíràn lé e, ó lè má ṣí mọ́.

Ìyẹn náà tún já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ wa yí àdírẹ́sì proxy padà nígbà ìsinmi, gbogbo línkì tí mo ti kó jọ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún kú pátá. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún, kí n tó fi línkì proxy sí i, màá sì kọ DOI lásán sábẹ́. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ má fi àmì ìdánudúró parí DOI. Mo ṣe é rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kúkú fi PDF ránṣẹ́. Èmi kì í ṣe é. Ẹ ka àdéhùn tí láìbúrárì yín bá àwọn tó ni àpilẹ̀kọ ṣe ná.

Kí n tó fi línkì ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn báyìí, àbúrò mi tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ṣàgámù ni mo máa ń fi dán an wò. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ jọ́nà. Bó bá ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n fi páásíwọọ̀dù wọlé," ara mi á balẹ̀. Bó bá ní ojú ewé funfun lòun ń wò, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn.