Ṣé mo lè yọ hard drive inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì láì kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ SATA (irú ojúhò tí ọ̀pọ̀ hard drive ń lò), tí o sì ti tan AHCI (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá drive SATA sọ̀rọ̀) àti "Hot Plug" (àyè láti yọ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà) fún ojúhò rẹ̀ nínú BIOS, ìyẹn ibi ìṣètò tí kọ̀ǹpútà ní kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin kéékèèké 15 ló wà lẹ́nu iná SATA. Àwọn kan gùn díẹ̀, kí gíráùǹdù (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) lè kọ́kọ́ kanra kí iná tó wọlé.

Lórí Windows, sọ ọ́ di Offline (kí Windows má lò ó mọ́) nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń ṣètò drive. Lórí Linux, umount ni àṣẹ tó ń já a kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí o yọ wáyà. Má tíì gbé e: àwo inú rẹ̀ ṣì ń yí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, bí o bá fọwọ́ sí i, wàá mọ̀ ọ́n lára.

Èyí tí Windows fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Ní ti IDE àtijọ́ (ojúhò tó ṣáájú SATA) àti NVMe orí M.2 (drive pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà), pa kọ̀ǹpútà ná.