Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìwé Kánsù Kì í Ṣe Awo

Létà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kánsù lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọra, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn sójú kan. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ èèyàn àti orúkọ kánsù kúrò kó má bàa di wàhálà fún ẹni tó kọ̀wé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń ṣe gọ́tà kan ládùúgbò wa, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ pé kánsù ló ń ṣe é, ìdajì ni wọ́n ṣe é dé tí kọ́ńtírátọ̀ fi kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tójò bá ti rọ̀ báyìí, inú pálọ̀ wa lomi ń gbà. Àwa lándílọ́ọ̀dù mélòó kan lọ sí sẹkitéríàtì kánsù láti béèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde, ẹni tá a bá níbẹ̀ ní "ta ló rán yín wá? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà?" Kí la lè ṣe? (Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú sà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ẹni yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín ní ìkankan nínú ìbéèrè méjèèjì. Òfin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI, ìyẹn Freedom of Information, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, abala kìíní ẹ̀ gan-an ló sì sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì sídìí tó fi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Òfin ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ oníròyìn, kò ní kẹ́ ẹ jẹ́ lọ́yà, kò tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ jẹ́ lándílọ́ọ̀dù.

Ẹ padà lọ, àmọ́ ìwé ni kẹ́ ẹ gbé dání lọ́tẹ̀ yìí. Òfin ò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu o, màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá fẹnu bá sọ̀rọ̀ lónìí lè ní òun ò rí yín rí tó bá dọ̀la. Ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ kánsù ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, àwọn kan ń pè é ní HLA, àwọn míì ń pè é ní HOLGA, l'Ékòó Council Manager ni, kẹ́ ẹ wá fi kọ́pì ránṣẹ́ sí ṣíámáànù. Èmi fẹ́ràn kó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ torí òun ni fáìlì ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, ṣíámáànù á lọ òmíràn á dé, fáìlì ò kúrò níbẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ òfin FOI ọdún 2011 lẹ ti ń béèrè, kẹ́ ẹ wá dárúkọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ba ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́, wọ́n á kọ ọ́ pé "a fẹ́ mọ gbogbo bí ẹ ṣe ń náwó wa", ìyẹn ti dìjà, wọ́n á kàn dá a padà pé ohun tẹ́ ẹ ń béèrè ò yé àwọn. Tiyín, ẹ kọ ọ́ báyìí: ẹ fẹ́ létà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ gọ́tà àdúgbò báyìí báyìí fún kọ́ńtírátọ̀. Ẹ fẹ́ BOQ iṣẹ́ náà, ìyẹn ìwé tó to iye sìmẹ́ńtì, irin, yanrìn àti owó lébírà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fẹ́ fáúṣà gbogbo owó tí wọ́n ti san dòní. Ẹ sì fẹ́ ìwé tí ẹnjiníà fi jẹ́rìí sí ibi tíṣẹ́ dé kí wọ́n tó sanwó. Ìgbẹ̀yìn yìí ni kẹ́ ẹ mójú tó jù lọ, torí tí wọ́n bá ti san gbogbo owó tán lórí gọ́tà tó dé ìdajì, orúkọ ẹni tó sáìn sí i pé iṣẹ́ ti parí á wà lórí ìwé yẹn. Ẹ ya fọ́tò pátákó yẹn náà kí wọ́n tó wá hú u, ẹ fi mọ́ létà. Tó bá wá já sí pé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni, tàbí ti sẹ́nétọ̀ kan, òfin ní kí kánsù taari létà yín síbi tó yẹ láàárín ọjọ́ 3, ó pẹ́ tán ọjọ́ 7, kí wọ́n sì fi ìwé sọ fún yín, wọn ò gbọ́dọ̀ kàn ní "kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìyẹn" kí wọ́n sì dákẹ́.

Kọ́pì méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Rẹ́jísítírì kánsù á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, ẹni tó gbà á á kọ orúkọ ẹ̀ àti déètì, á sáìn sí i, ẹ ó sì gbé ìyẹn lọ sílé. Nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, kọ́pì olóǹtẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Tí wọ́n bá lọ́ra láti lù ú, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó gba nǹkan sáìn, rìsíìtì ìyẹn náà tó ẹ̀rí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Nínú ọjọ́ 7 yẹn wọ́n á fún yín níwèé náà, tàbí kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn ò ní fún yín, tí wọ́n bá sì máa kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ abala òfin tí wọ́n dúró lé, kí ẹni tó kọ̀ fi orúkọ ẹ̀, ipò ẹ̀ àti síńíṣọ̀ ẹ̀ síbẹ̀. (Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lé èèyàn lẹ́nu ilẹ̀kùn ò ní fẹ́ fọwọ́ síwèé bẹ́ẹ̀.) Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 míì kún un tí ìwé bá pọ̀ rẹpẹtẹ tàbí tó bá gba pé kí wọ́n kàn sí ibòmíràn, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Tí gbèdéke bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sí pé wọ́n ti kọ̀. Ọjọ́ 30 lẹ ní láti ibẹ̀ láti gbé e lọ sí Háì Kọ́ọ̀tù, kánsù ló sì máa ṣàlàyé fún adájọ́ ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ rí i, kì í ṣe ẹ̀yin. Tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé wọ́n kàn fi du yín ni, owó ìtanràn tó wà nínú òfin jẹ́ 500,000 náírà.

Mo mọ̀ pé kọ́ọ̀tù ń náni lówó, ẹ lè kọ rìmáíńdà kan, ẹ sì lè gbé kọ́pì olóǹtẹ̀ yín lọ sọ́dọ̀ Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí rìmáíńdà jẹ ọjọ́ 30 yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Lórí owó, owó fótókọ́pì nìkan ni wọ́n lè gbà, tàbí owó títẹ̀ tó bá pọndandan. Kò sí owó "ṣí fáìlì", kò sí owó "rí ọ̀gá".

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwé kọ́ńtráàtì wà lára ohun tí abala kejì òfin náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbé síta fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Kò yẹ kẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ létà kankan rárá, omi ti ń wọlé tọ̀ yín, ẹ tún ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tó yẹ kí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ìbéèrè: Lọ́yà kánsù wa fèsì pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni FOI, pé àfi kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kọ́kọ́ gbà á wọlé kó tó lè mú kánsù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Olùkọ́ kan, ìpínlẹ̀ Oǹdó)

Ìdáhùn: Rárá o, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ò fẹnu kò lórí ẹ̀, èyí ní ó mú ìpínlẹ̀, ìyẹn ní kò mú un, àwọn kánsù sì rí ibi sá pamọ́ sí. Àmọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń béèrè bí àjọ tó ń gbógun ti éèdì ní ìpínlẹ̀ náà ṣe náwó, pé òfin FOI mú ìjọba àpapọ̀, ó mú ìpínlẹ̀, ó sì mú ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀tù míì lókè ìyẹn. Ẹ kọ déètì yẹn sínú èsì yín.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí torí mi ò kàwé. Lọ́jà wa, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wá láàárọ̀, àwọn míì á tún wá lọ́sàn-án, àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀, gbogbo wọn ló ní kánsù rán àwọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti kánsù lóòótọ́? (Ìyá Alátà, ìpínlẹ̀ Ògùn)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ̀gbà. Pé ẹ ò kàwé ò dí yín lọ́wọ́ nǹkan kan. Òfin ní kí ẹni tí kò lè kọ̀wé rán ẹlòmíràn, ọmọ yín yìí náà lè bá yín ṣe é, tẹ́ ẹ bá sì fẹnu yín béèrè lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, òun ló gbọ́dọ̀ kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀ kó sì fún yín ní kọ́pì ẹ̀. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àánú yín ló ń ṣe wọ́n.

Ọjà àti gáréèjì wà lára ohun tí òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kà sí iṣẹ́ kánsù, nítorí náà wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó, àmọ́ owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú báyílọ́ọ̀, ìyẹn òfin kánsù, tí àwọn kánsílọ̀ ṣe. Ohun tí ẹ máa béèrè ni báyílọ́ọ̀ owó ọjà, àti iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìsọ̀ bíi tiyín lọ́dún yìí. Tó bá jẹ́ pé kánsù gbé owó gbígbà fún aládàáni ni, ẹ béèrè ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ dúró níwájú trẹ́ṣọ̀, ẹ ní kó fi èyí tó jẹ́ tiwọn hàn yín. Tẹ́ ẹ bá lè pé márùn-ún láti ìsọ̀ márùn-ún, ó sàn ju kẹ́ ẹ dá lọ, kì í ṣe torí ìjà o, kí wọ́n má bàa wá máa fi ojú burúkú wo ìsọ̀ yín nìkan ni.

Ìbéèrè: Mo kàn fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún kánsù wa lóṣooṣù láti Àbújá. (Ọ̀dọ́ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Èyí ò gba létà rárá. Ọ́fíìsì Accountant-General ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé tábìlì owó FAAC, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín lóṣooṣù, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo kánsù 774 ló wà níbẹ̀, ẹ wá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ó rí kánsù yín láàárín àwọn 33. Nínú owó tí wọ́n ń pín láti Federation Account, ìpín 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kan gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ohun tó wà nínú tábìlì lè má jẹ́ ohun tó dé ọwọ́ kánsù tán, torí akáǹtì àjùmọ̀ní òun àti ìpínlẹ̀ lowó náà ti ń gbà kọjá látọjọ́ yìí, ìyẹn ló sì gbé ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ, tí wọ́n fi ní lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 kí wọ́n máa san án fún kánsù tààrà. Bí wọ́n ṣe ná an, bájẹ́ẹ̀tì kánsù àti ìròyìn Auditor-General ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní kánsù. (Láti Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Kánsù nìkan ò tó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ìwé àṣẹ ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó kù nìkan ni kánsù ń fúnni. Alausa ni kẹ́ ẹ lọ wo rẹ́jísítà ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé sọ́fè lọ sọ́dọ̀ Surveyor-General kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ kánsù ni mí. Àwọn ará ìlú máa ń wá béèrè ìwé lọ́wọ́ wa, ẹ̀rù ló máa ń bà wá pé wọ́n á ní a tú àṣírí ìjọba. Ṣé wọn ò ní lé wa lẹ́nu iṣẹ́? (Ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun)

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé yìí, torí ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń ti ọ̀pọ̀ fáìlì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Abala 27 òfin FOI ló dáàbò bò yín: òṣìṣẹ́ tó bá fi òótọ́ inú fúnni níwèé lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni ò lè pè é lẹ́jọ́ tórí ẹ̀. Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ fúnni ni ọ̀rọ̀ ara ẹni, bíi fáìlì ìlera òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín, tàbí àṣírí òwò oníṣòwò kan. Tí ìwé kan bá ní ìlà méjì tó jẹ́ àṣírí, ẹ bo ìlà méjì yẹn, ẹ fún wọn ní ìyókù. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ ya ìwé dànù tàbí kẹ́ ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ̀wọ̀n ọdún 1, ó kéré tán, ló wà lórí ìyẹn, orí ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ yà á ló sì máa kọ́kọ́ wá. Tí ọ̀gá yín bá ní kẹ́ ẹ má fún wọn, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fáìlì.